Eérú Ẹ̀bá Kànga Ìbídùnní

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jókòó. Ẹ má pàtẹ́wọ́, ẹ má sì tíì ṣe àmín. Mo mọ̀ pé àkókò ẹ̀rí la wà yìí, ẹ sì ti ń retí pé kí n dúpẹ́ pé dókítà ní Ìlọrin dá mi padà wálé láàyè. Ó dá mi padà lóòótọ́. Ó ní kókó tó wà nínú ikùn mi ti kọjá ohun tí ọ̀bẹ lè gé, kí n máa lọ sílé, kí n máa jẹ ohun tó bá wù mí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìbẹ̀rù ikú ló gbé mi dìde lórí ìjókòó. Ká ní ikú nìkan ni, ǹ bá bá a lọ ní ẹnu pípadé, bí mo ṣe pa á dé láti ọdún mẹ́rin. Omi kànga kan ló gbé mi dìde. Bí mo bá kú láì sọ ohun tó wà nínú omi náà, ẹlòmíràn ni yóò tẹ̀ lé mi, ẹni náà ò sì tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ta.

Èmi Ọmọ́níkẹ́, ìyá Ọládòṣù, tí gbogbo yín ń pè ní Ìyá Kánún, ọwọ́ mi ni ohun tó pa Olúwakáyọ̀dé, ọmọ Tíṣà Adéjùmọ̀, ti jáde. Kì í ṣe ọwọ́ Ìbídùnní. Ìbídùnní tí a lé kúrò ní Osi, tí a fọ́ ìkòkò rẹ̀, tí a ní ó ń fi májèlé pa ọmọ ọlọ́mọ, kò mọwọ́ kò mẹsẹ̀. Tíṣà, mo rí yín níbẹ̀ yẹn. Ẹ dákun, ẹ má tíì dìde. Ìyẹn kọ́ ló burú jù nínú ohun tí mo ṣe. Ẹ jẹ́ kí n tò ó bó ṣe ṣẹlẹ̀, torí bí mo bá fo ibì kan, irọ́ mìíràn ni mo tún ń pa níwájú Ọlọ́run yìí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dàgbà mọ iṣẹ́ mi. Èèpo kòkó àti èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà ni mo ń sun. Màá kó eérú rẹ̀ sínú ajere, ìkòkò tí wọ́n dá ihò sí nídìí, màá bu omi lé e lórí, omi náà á máa ro tó, tó, tó, sínú ìkòkò tó wà nísàlẹ̀. Omi yẹn ló ti gba gbogbo agbára eérú. Bí mo bá sè é títí tó fi gbẹ, ohun tó kù nídìí ìkòkò ni kánún tí ẹ fi ń se ẹ̀wà, tí ẹ fi ń se ilá. Ìyá mi ló kọ́ mi, ìyá tirẹ̀ ló kọ́ òun náà. Ó máa ń sọ pé, "Ọmọ́níkẹ́, omi kì í parọ́. Ohun tó bá wà nínú eérú lomi ń gbà jáde." Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn tó ìgbà ọgọ́rùn-ún, kò sì wọ̀ mí létí.

Ìbídùnní ni oníbàárà mi àgbà, òun sì ni ọ̀rẹ́ mi. Ẹ̀wà ló ń tà lẹ́nu géètì iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, bí ẹ ṣe mọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ lawọ́. Ọmọ tí òbí rẹ̀ kò rí nǹkan fún láàárọ̀, á pè é kó wá jókòó, á bu tirẹ̀ fún un, á ní, "Jẹ ẹ́ jàre, kí orí rẹ lè gba ìwé." Bó bá wá ra kánún lọ́dọ̀ mi, àwàdà la fi ń bẹ̀rẹ̀. Á ní, "Yé Ọládòṣù, ẹ̀wà tí mo sè lánàá le bí ọkàn rẹ." Èmi náà á ní, "Ṣé ọkàn mi ló le ni, àbí eyín tìẹ ni ò sí mọ́?" A ó rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wa. Mo ń sọ èyí kí ẹ lè mọ irú ẹni tí mo ṣe é sí.

Ní ọdún 1994, ọdún tí àwọn òṣìṣẹ́ epo dáṣẹ́ sílẹ̀, ọkọ̀ tó ń gbé kánún ilẹ̀ Hausa bọ̀ láti Ìlọrin ò wá mọ́. Gbogbo ará Osi, Òkè-Ọ̀pin, títí dé Ìlọfà, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń yà. Inú mi dùn, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n èèpo kòkó mi ò tó nǹkan. Ní àkókò náà, Bẹ̀llò ń bá àwọn ọlọ́jà sun pàǹtírí lẹ́yìn gáréèjì. Ẹ ò ní gbàgbé ààrò ńlá tó fi amọ̀ mọ, tó fi páìpù irin ṣe ojú èéfín rẹ̀. Kò sí ohun tí kì í wọ ibẹ̀: táyà, ike, òkúta tọ́ọ̀ṣì, pákó tí wọ́n ti kùn lọ́dà, páálí oògùn, àti ikùn bátìrì ọkọ̀ tí àwọn rewáyà ń jù nù. Iná rẹ̀ kì í kú, eérú rẹ̀ sì ti ga jù mí lọ.

Mo bi í pé, "Bẹ̀llò, ọmọ mi, kí lo ń fi eérú yìí ṣe?"

Ó ní, "Kí lèèyàn fẹ́ fi í ṣe, Màmá? Ẹ wá kó o, kí ẹ bá mi tún ibẹ̀ ṣe."

"Ṣé kò sí nǹkan búburú nínú ẹ̀?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Màmá, ohun tí iná bá ti jẹ, kí ló tún kù níbẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ tẹ́ mi lọ́rùn, torí ohun tí èmi náà fẹ́ gbọ́ ló sọ. Lójú tiwa níbí, eérú ò burú. Eérú la fi ń pa ojú èébù iṣu kó má bàa rà, eérú la fi ń fọ ìkòkò, eérú la ń wọ́n sí ewé ẹ̀fọ́ kí kòkòrò má jẹ ẹ́. Ta ló gbọ́ ọ rí pé eérú ń pààyàn? Ohun tó jẹ́ àìmọ̀ nínú ọ̀rọ̀ mi kò ju ibẹ̀ yẹn lọ o. Ẹ má fi ẹyọ kan kún un fún mi.

Eérú Bẹ̀llò wúwo. Omi tó ń ro láti inú rẹ̀ ń dán lójú bí ẹni da epo sí i, ó sì ń rùn bí irin tí òjò ti pa. Kánún rẹ̀ pọ̀, ó sì mú. Ní ọjọ́ kẹta tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, adìyẹ mi méjì mu nínú omi náà tó dà sílẹ̀. Kí oòrùn tó wọ̀, ẹsẹ̀ wọn ti rọ, ọrùn wọn ti yí sẹ́yìn. Mo dúró, mo ń wò wọ́n. Ọkàn mi sọ ọ́ fún mi ketekete pé, Ọmọ́níkẹ́, eérú yìí ni. Kí ni mo wá ṣe? Mo sin adìyẹ, mo tún bu omi lé ajere. Kì í ṣe ebi ló ń pa mí. Láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú, ẹnìkan ò ka èmi yìí sí ní Osi mọ́, ṣùgbọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ náà, obìnrin mẹ́fà ló tò sẹ́nu ọ̀nà mi, tí wọ́n ń kúnlẹ̀ kí mi, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá wa." Iyì yẹn ni mi ò fẹ́ kó bọ́.

Ìbídùnní ló yìn mí jù. Ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi, kánún tọ̀tẹ̀ yìí ga o! Kí n tó jókòó, ẹ̀wà ti rọ̀." Mo ní, "Ọwọ́ mi ló mọ iṣẹ́." Àbí ẹ ò rí ìwà mi?

Kò pé oṣù méjì tí àwọn ọmọ fi bẹ̀rẹ̀ sí í di ikùn mú. Gbogbo wa pè é ní aràn. Ẹ̀yin ìyá ń fún wọn ní oògùn aràn, wọ́n ń bì í. Àwọn ọmọ tó mọ̀wé tẹ́lẹ̀ ń gbàgbé ohun tí wọ́n kọ́ lánàá, olùkọ́ ń nà wọ́n, ó ní ọ̀lẹ ni wọ́n. Nígbà tó yá ni gìrì gbé Olúwakáyọ̀dé nínú kíláàsì. Ọmọ ọdún méje ni, òun ló máa ń gbé orin fún àwọn ọmọdé níwájú pẹpẹ yìí, ohùn rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, kì í sì í ṣì í. Tíṣà, ọwọ́ yín ló kú sí nínú takisí, kí ẹ tó dé ilé ìwòsàn. Mo wá kí yín kú ìrọ́jú. Mo pọn omi kún àmù yín kí àwọn tó wá kẹ́dùn lè rí omi mu. Ẹ dì mí lọ́wọ́ mú, ẹ ní, "Màmá, ẹ ṣeun, ẹ ò ní rí irú rẹ̀." Èmi lẹ ń ṣàdúrà fún bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìnkú ni wolé-wolé, Ọ̀gbẹ́ni Ọládipúpọ̀, gun alùpùpù rẹ̀ wá sílé mi. Ó ní gbogbo ọmọ tó ń ṣàìsàn ló ń jẹ ẹ̀wà Ìyá Fúnmi, Ìbídùnní yẹn, òun sì fẹ́ mọ ohun tó ń lọ sínú ẹ̀wà náà. Ó ní, "Màmá, eérú kí lẹ fi ń ṣe kánún yín?" Mo ní, "Eérú kòkó ni o, ọmọ mi, bí ìyá mi ṣe kọ́ mi." Ó ní kí n bu díẹ̀ fún òun, òun fẹ́ gbé e lọ sí Ìlọrin kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Mo wọ yàrá. Igbá méjì ló wà níbẹ̀, ti àtijọ́ tí mo fi èèpo kòkó ṣe, àti ti eérú Bẹ̀llò. Ọwọ́ mi ò gbọ̀n rárá. Ti kòkó ni mo bù fún un. Ó kọ orúkọ mi sára rẹ̀, ó dúpẹ́. Bó ṣe ń gun alùpùpù rẹ̀, ó sọ ọ́ fún mi, bí èèyàn ṣe ń sọ̀rọ̀ fún àgbà tó fọkàn tán, pé bí kò bá sí nínú kánún, á jẹ́ pé omi ni, òun á padà wá bu omi kànga Ìyá Fúnmi lẹ́yìn ìkórè.

Bẹ̀llò gbọ́ pé wọ́n ń wádìí, ó fọ́ ààrò rẹ̀, ó sá lọ. Títí dòní, ẹnìkan ò mọ ibi tó gbà. Ó wá ku èmi, ó ku àpò eérú mẹ́ta tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi.

Ẹ rántí ìkórè ọdún náà. Nígbà tí wọ́n ń pe ìdílé kọ̀ọ̀kan pé kó gbé iṣu àti àgbàdo rẹ̀ wá síwájú, tí orin ga, mo bọ́ síta bí ẹni tó fẹ́ tọ̀. Ìlú dá páropáro, gbogbo èèyàn wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Mo kó àpò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú wílìbárò, mo gba ẹ̀yìnkùlé lọ sílé Ìbídùnní. Ó ti gbẹ́ kòtò kan sí ẹ̀bá kànga rẹ̀, ó fẹ́ gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ síbẹ̀, èmi gan-an ló bẹ̀ pé kí n bá òun wá ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀. Mo da eérú náà sínú kòtò, mo bu omi lé e kó lè rọlẹ̀, mo fi iyẹ̀pẹ̀ bò ó, mo gbin ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ lé e lórí, mo fi ẹsẹ̀ tẹ ìdí rẹ̀ dáadáa. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá mi sọ pé ìpayà ló ṣe mí. Igbó pọ̀ ní Osi tí mo lè da eérú sí. Kí ni mo ti ń ṣe láti kékeré, bí kò ṣe kí n bu omi lé eérú, kí n sì dúró kó ro? Ilẹ̀ Ìbídùnní ni mo sọ di ajere, kànga rẹ̀ ni mo fi ṣe ìkòkò ìsàlẹ̀. Mo padà dé ṣọ́ọ̀ṣì kí wọ́n tó pe ìdílé wa. Mo gbé iṣu mi síwájú, mo sì jó.

Nígbà tí Ìbídùnní délé tó rí ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó sáré wá bá mi. "Ọ̀rẹ́ mi, o bá mi gbìn ín, o ò tiẹ̀ sọ fún mi! Olúwa á gbin tìẹ náà." Ó ṣe é bí ẹni pé mo kọ́lé fún un.

Òjò àrọ̀kúrò ńlá mẹ́ta rọ̀ kí wolé-wolé tó bu omi. Ìwé dé láti Ìlọrin pé kánún Ọmọ́níkẹ́ mọ́, ṣùgbọ́n òjé wà nínú omi kànga Ìyá Fúnmi, àti irin mìíràn tí kò yẹ kó wà nínú omi mímu. Ọ̀gbẹ́ni Ọládipúpọ̀ ní kí a ṣe sùúrù, ó ní ó lè jẹ́ láti inú ilẹ̀, kí òun wádìí sí i. Ta ló fẹ́ gbọ́? Ìlú ti rí ẹni tí wọ́n máa di ẹ̀bi náà lé lórí. Tíṣà, ẹ̀yin lẹ ṣáájú, mi ò sì dá yín lẹ́bi, ẹni tó sin ọmọ ò mọ ibi tó ń tẹ̀. A pé sí iwájú ilé rẹ̀. Ó dúró láàárín àwọn ìkòkò ẹ̀wà rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n nígbà náà, torí òun náà ti ń mu omi yẹn láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ojú rẹ̀ ń wá ẹnìkan láàárín èrò. Nígbà tó rí mi, ó mí kanlẹ̀. Ó ní, "Ọmọ́níkẹ́! Sọ fún wọn. Ìwọ lo mọ ulé mi. Ṣé mo lè ṣe irú èyí?"

Gbogbo yín yíjú sí mi. Ẹ rántí ohun tí mo sọ, àbí ẹ ti gbàgbé? Èmi ò gbàgbé. Mo ní, "Inú ni ẹ̀jẹ̀ wà tá a fi ń tutọ́ funfun. Ta ló mọ inú ẹnìkejì?"

Lẹ́yìn gbólóhùn yẹn ni ìkòkò àkọ́kọ́ fọ́. Eérú tí mo fi ṣe kánún burú, eérú tí mo rì mọ́lẹ̀ burú jù ú lọ, ṣùgbọ́n gbólóhùn yẹn ló burú jù lọ. Ọ̀rẹ́ mi bẹ̀ mí lójú ayé, ẹ̀rí kan ṣoṣo ló bẹ̀, mo sì fi òwe tì í ṣubú.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kó tó wọkọ̀ lọ sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Òkè-Ọ̀pin, ó ya ilé mi. Ajere kan tó yá lọ́wọ́ mi ló gbé wá. Ó ní òun ò fẹ́ kí wọ́n sọ pé òun gbé ohun olóhun lọ. Kò bú mi. Ó gbé e kalẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ tó ń gbọ̀n yẹn, ó sì lọ. Ó kú ní ọdún tó kọjá. Ẹ ránṣẹ́ sí mi pé kí a jọ lọ síbi ìsìnkú, mo ní ẹsẹ̀ ń dùn mí.

Ní oṣù kẹta ọdún yìí, Fúnmilọ́lá, ọmọ rẹ̀, padà wá sínú ilé náà pẹ̀lú Favour, ọmọ tirẹ̀. Ó ká páànù tí ìlú fi bo orí kànga kúrò, ó gbẹ́ ẹ, ó ń pọn ọ́n. Àwọn kan kìlọ̀ fún un. Gbogbo wa la gbọ́ èsì rẹ̀ ní ojúde: "Ìyá mi ò fi nǹkan kan sínú kànga yìí. Èmi àti ọmọ mi á máa mu ún lójú gbogbo yín. Tí a ò bá kú, ẹ ó mọ̀ pé irọ́ lẹ pa mọ́ ọn." Ẹ̀yin kàn ń mi orí ni, ẹ ní ìgbéraga ló ń ṣe é. Èmi ni mo mọ̀ pé orúkọ ìyá rẹ̀ ló ń fi ẹ̀mí ọmọ rẹ̀ fọ̀.

Mo lọ bá a. Mo ní, "Ọmọ mi, má mu omi yẹn." Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó ní, "Màmá, ṣé ẹ̀yin náà gbà pé ìyá mi ṣe é ni?" Mo ní rárá. Ó ní, "Ó dáa, kí ló wá wà nínú omi náà?" Mo ní omi náà ti pẹ́ jù ni. Ó rẹ́rìn-ín, kò sì jẹ̀bi, àbọ̀ ọ̀rọ̀ kì í yí ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe lọ́kàn padà. Favour jáde wá, ọwọ́ rẹ̀ kan wà lórí ikùn rẹ̀, bí àwọn ọmọ ìjọ́sí ṣe máa ń ṣe. Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, Fúnmilọ́lá gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ẹ̀bá kànga, ó fi lé mi lọ́wọ́. "Ẹ gbà, Màmá. Ìyá mi ní ẹ̀yin lẹ bá òun gbìn ín."

Láti ọjọ́ náà, mi ò sùn. Wọ́n ní ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ fún mi. Mo da eérú, ọmọ Tíṣà ló tọ̀, Ìbídùnní ló tọ̀, ó ti wá kan Favour báyìí, èmi tí mo dà á ni mo dàgbà tí mo hu ewú.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, mi ò ní ìwàásù púpọ̀ fún yín. Bí adìyẹ bá kú lẹ́nu ọ̀nà yín, tí ọkàn yín sì pe orúkọ ohun tó pa á, ẹ má sin ín. Ẹ gbé e lọ síta kí gbogbo ayé rí i. Ọjọ́ tí mo sin adìyẹ méjì yẹn ni mo ti sin gbogbo àwọn tó kù.

Ẹ wú ọ̀gẹ̀dẹ̀ ẹ̀bá kànga náà lónìí. Ẹ gbẹ́ ìdí rẹ̀, kó fẹ̀, kó jìn, ẹ ó bá eérú mi níbẹ̀. Ẹ má da á sóko, ẹ má da á sódò, ẹ pe wolé-wolé kó sọ ibi tí yóò gbé e sí. Tíṣà, bí ẹ bá fẹ́ mú mi lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, ẹsẹ̀ mi yóò gbé mi débẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, kí àlùfáà pe orúkọ Ìbídùnní níbí, kó sọ ọ́ pé obìnrin náà mọ́.

Fúnmilọ́lá, mo rí i pé o ti dìde. Mo fẹ́ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ, ṣùgbọ́n ìyẹn lè dúró, kódà bí o kò bá ní fún mi títí mo fi kú. Ìyá rẹ kò ṣe é. Èmi ni. O ò ní láti mu omi náà mọ́ kí ẹnikẹ́ni tó gbà ọ́ gbọ́. Wo ẹ̀yìn rẹ, Favour ti ń ṣí ọmọrí ike omi tí o gbé wá láti ilé. Gbà á. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó tì í, ẹ má wò mí mọ́, ẹ gba omi yẹn lọ́wọ́ ọmọ náà.